Páìpù tá a sin sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi ní Samaru: bí a ṣe ń wá ibi tí gáàsì ti ń jò lábẹ́ ilẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń bi mí pé kí ni páìpù tó yọrí lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi yìí, ṣé bọ́ọ̀hóòlù ni àbí sókàwéè, ìdáhùn yín rèé. Kì í ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Iṣẹ́ Dókítà ni. Dókítà yìí kì í ṣe oníṣègùn o, ẹ̀ngínníà ni, PhD ló ń ṣe lórí bí èèyàn ṣe lè mọ̀ pé páìpù gáàsì tí wọ́n sin sábẹ́ ilẹ̀ ti ń jò, kó sì mọ ojú ibi tó ti ń jò gan-an láì gbẹ́ gbogbo ilẹ̀ kiri. Wọn ò tíì fún un ní ìwé ẹ̀rí, àmọ́ gbogbo àdúgbò ti ń pè é ní Dókítà, òun náà sì ti ń dáhùn. Èmi ni mo ń tún inífátà àti fóònù ṣe ní títì yìí, òun ló wá bá mi pé kí n bá òun ṣe apá tó jẹ mọ́ wáyà àti sẹ́ńsọ̀. Ọmọ Ìlọrin lòun, ọmọ Ọ̀fà lèmi, Zaria níbí làwa méjèèjì sì dàgbà sí, tí ẹ bá rí Hausa tó ta sínú ọ̀rọ̀ mi ẹ má bínú.

Kí ló dé tó fi jẹ́ páìpù gáàsì? Ẹ ṣáà mọ AKK, páìpù tó gbéra láti Ajaokuta, tó gba ọ̀nà Abuja àti Kaduna lọ sí Kano, kìlómítà 614, fífẹ̀ ẹnu rẹ̀ íǹṣì 40, oṣù kẹfà ọdún 2020 ni Buhari ṣí iṣẹ́ ẹ̀. Abẹ́ oko àti fàdámà, ìyẹn ilẹ̀ àbàtà, ló ń gbà, ẹ̀bá abúlé ló ń gbà. Ìbéèrè Dókítà ò ju pé tí ihò kékeré bá lu irú páìpù bẹ́ẹ̀ lóru, ta ló máa kọ́kọ́ mọ̀? Methane ló pọ̀ jù nínú gáàsì yẹn, kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn tẹ́ ẹ mọ̀ mọ́ gáàsì ìdáná, wọ́n dà á sí i ni. Ní New London, ìlú kan ní Texas, oṣù kẹta ọdún 1937, gáàsì jò sábẹ́ ilé ìwé, kò sẹ́ni tó gbọ́ òórùn kankan, ó gbaná lójijì, ó sì pa èèyàn tó sún mọ́ 300, ọmọ ilé ìwé ló pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́ dòfin níbẹ̀ pé kí wọ́n máa fi òórùn sí i. Ohun tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí Dókítà ṣàlàyé fún mi, ni pé ilẹ̀ máa ń gba òórùn yẹn kúrò lára gáàsì, pàápàá ilẹ̀ amọ̀, tí gáàsì bá ti rìn jìnnà nínú ilẹ̀ ó lè yọ sínú pálọ̀ èèyàn láì rùn rárá. Tó bá sì ti tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún atẹ́gùn ibẹ̀, títí dé ìdá 15, ìṣáná kan ti tó. Ọjọ́ tó sọ ìyẹn ni mo gba iṣẹ́ náà, owó tó fẹ́ san ò tiẹ̀ tó nǹkan.

Ohun tá a máa fi sínú páìpù la kọ́kọ́ jiyàn lé lórí. Gbogbo ẹni tó bá dá sí i ló ń sọ pé ká ṣáà ra gáàsì ìdáná kílò mélòó kan. Kò lè ṣiṣẹ́. Propane àti butane ni gáàsì ìdáná, ó wúwo ju atẹ́gùn lọ, tó bá jò ilẹ̀ ló máa ń gbà, á lọ rogún sínú kòtò. Methane ní tiẹ̀ fúyẹ́, ìwọ̀n ẹ̀ lé díẹ̀ lórí ìdajì ìwọ̀n atẹ́gùn, òkè ló máa ń wá. CNG tí wọ́n fi ń wa mọ́tò báyìí ni gáàsì náà gan-an, àmọ́ nǹkan bíi 200 bar (bar ni wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì) ni wọ́n fi ń kì í mọ́ inú sìlíńdà, mo ní Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi ṣì wà láyé.

Bá a ṣe wá parí ẹ̀ ni pé ká la iṣẹ́ náà sí méjì. Ti ìró, atẹ́gùn lásán látinú kọmpirẹ́sọ̀ fọkanáísà, 4 bar. Ti bí gáàsì ṣe ń rìn nínú ilẹ̀, gáàsì ìgbẹ́ màlúù. Dókítà ní ọ̀rẹ́ kan tó ń sin màlúù, tó sì ní dúrọ́ọ̀mù tó fi ń ṣe bíógáàsì, a máa ń lọ gbà á sínú túùbù táyà tírélà. Methane inú ẹ̀ máa ń tó ìdajì tàbí kó lé díẹ̀, carbon dioxide ló pọ̀ jù nínú ìyókù, ìyẹn sì wúwo, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fà á gba inú omi kọ́sítíìkì, irú kọ́sítíìkì tí àwọn tó ń se ọṣẹ ń lò, òun ló ń gba carbon dioxide náà sílẹ̀. Kò sí pé à ń fún un ní agbára kankan, ìwúwo pákó tá a gbé lé orí túùbù ló ń tì í jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí sìgá, kò sí ṣáájà, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé fóònù súnmọ́ ibẹ̀.

Páìpù, Panteka la ti rà á ní Kaduna. Ẹni tó bá mọ Panteka mọ̀ pé kò sí irin tí wọn ò ní níbẹ̀, èyí tí wọn ò bá ní wọ́n á rọ ọ́ fún ẹ kí o tó jẹun ọ̀sán tán. Bàbá Yorùbá kan tó ti pẹ́ níbẹ̀ la bá pàdé, ará Ògbómọ̀ṣọ́.

"Ẹ káàsán sà."

"Káàsán ẹ̀yin ọmọ mi. Omi lẹ fẹ́ fà?"

"Rárá sà, a fẹ́ kó máa jò ni."

"Kó máa jò kẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. A máa lu ihò sí i lára, ká wá máa wá ibi tó ti ń jò."

Bàbá wo Dókítà láti orí dé ẹsẹ̀. "Ẹ fẹ́ san owó páìpù tí kò jò, kẹ́ ẹ wá lọ lù ú? Ẹ máa bọ̀ ńbí, èyí tó ti ń jò fúnra ẹ̀ wà, mo sì máa bá yín gé owó kúrò níbẹ̀."

Dókítà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin la rà, onííǹṣì méjì, gáfánáìsì, mítà mẹ́fà mẹ́fà, àpapọ̀ ẹ̀ mítà 24. Bàbá náà bu sọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, ó ní torí pé Dókítà ń gbìyànjú.

Ti gbígbẹ́ ilẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ní ìtàn. Àwọn Mallam tó máa ń gbẹ́ṣẹ́ ní ìdíkọ̀ ló gbẹ́ ẹ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ pupa yìí gan, díágà kàn ń ta padà. Ìjìnlẹ̀ ẹ̀ 60 sẹ̀ǹtímítà, páìpù gáàsì gidi máa ń tó mítà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ìyẹn á ti wọ owó. Ìdajì kòtò, yanrìn odò la fi bò ó, ìdajì kejì, ilẹ̀ pupa tó jáde níbẹ̀ náà la dà padà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́.

Kí a tó bò ó, ọ̀rọ̀ jíjò tí a ò fẹ́ ló kọ́kọ́ fìyà jẹ wá. Téépù funfun táwọn plọ́ḿbà ń lò la fi we gbogbo ojú téréèdì, a fọ́n atẹ́gùn sí i, a fi kànrìnkàn nu ọṣẹ sí ojú àsopọ̀ kọ̀ọ̀kan, àfi bí ọṣẹ ṣe ń hó wúruwùru níbi tí a ò lù. Bàbá Wẹ́dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ló wò wá títí, ó ní ẹ tú u. Ó mú òwú, ó fi ọ̀dà pa á, ó we òwú náà mọ́ téréèdì, ó fi rẹ́ǹṣì íǹṣì 18 dì í, àṣà àwọn plọ́ḿbà àtijọ́ ni o, ọṣẹ ò hó níbẹ̀ mọ́ títí dòní.

Nígbà tó wá dá wa lójú pé kò jò mọ́, a fi atẹ́gùn sínú ẹ̀ lọ́sàn-án, 4 bar géérégé, a tì í, a lọ sùn. Ilẹ̀ mọ́, gééjì ń ka 3.75. Ojú Dókítà yí padà, ó ti fẹ́ máa tú gbogbo ẹ̀. Mo ní ẹ ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán ó ti padà sí 4. Òtútù ọyẹ́ ni. Páìpù tó gbóná tó digirì 35 lọ́sàn-án, tó wá tutù dé 20 lóru, atẹ́gùn inú ẹ̀ á sún kì, gééjì á sì wálẹ̀ láì sí pé nǹkan kan jò. Wàhálà àwọn tó bá fẹ́ máa fi gééjì nìkan ṣọ́ páìpù nìyẹn, ihò kékeré lè wà níbẹ̀ kí gééjì má sọ nǹkan kan, ó sì lè wálẹ̀ nígbà tí ihò kankan ò sí.

Ó yá, ti ìró. Bí iṣẹ́ ẹ̀ ṣe rí nìyí: tí ihò bá lu páìpù tó kún fún agbára, tí agbára inú ẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ìlọ́po méjì ti ìta, atẹ́gùn tó ń gba ẹnu ihò yẹn jáde á máa sáré bí ìró fúnra ẹ̀, ariwo tó máa ń ṣe nìyẹn tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lẹ́nu fáàfù táyà. Ariwo yẹn á gba inú páìpù lọ sí ọ̀tún àti òsì. Tí èèyàn bá ní etí kan ní ìkángun méjèèjì, etí tó súnmọ́ ihò ló máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ mú àlàfo tó wà láàárín ìgbà tí èyí gbọ́ àti ìgbà tí tọ̀hún gbọ́, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú eré tí ìró ń sá, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú gígùn páìpù, ẹ dá a sí méjì. Iye tó kù ni jíjìn ihò náà sí etí tó kọ́kọ́ gbọ́. Nínú atẹ́gùn tó gbóná díẹ̀, ìró ń sá nǹkan bíi mítà 350 ní sẹ́kọ́ǹdì kan. Ihò tá a ṣe sí mítà 6, ẹsẹ̀ kan á rin mítà 6, èkejì á rin 18, ìyàtọ̀ jẹ́ mítà 12, ìyẹn mílísẹ́kọ́ǹdì 34. Kékeré ni lójú, àmọ́ fún kọ̀ǹpútà ó pọ̀ rẹpẹtẹ.

Etí wa ò wọ́nwó. Àwọn páálí piezo pẹlẹbẹ tó wà nínú búsà ni, tó ń sọ gbígbọ̀n di iná, irú èyí tí mo máa ń tú jáde nínú inífátà tó ti kú, sódà wáyà sí i, lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara páìpù, ó tán. Ihò, a lu ti mílímítà 1, 2 àti 3 sára pọ́lọ́ọ̀gì tá a lè dè mọ́ páìpù ní mítà 6, 12 àti 18, a wá fi solenoid, fáàfù tí iná ń ṣí, oní-12 fólítì, síwájú ẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè ṣí i fúnra ẹ̀.

A ṣí ti mítà 6. Kọ̀ǹpútà ní mítà 11 ààbọ̀. A ṣí ti 18. Ó ní 12 àti díẹ̀. Ti 12 nìkan ló gbà, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ ká tó rí ìdí ẹ̀, torí pé òun la kọ́kọ́ dán wò, a sì ti jó. Ibikíbi tí a bá ti ṣí, àárín, àárín, àárín.

Dókítà gbé kóòdù, ó kà á títí, kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Èmi gbé oscilloscope mi tó ti gbó jáde, ẹ̀rọ tó ń ya iná inú wáyà sójú gíláàsì, mo so ó mọ́ etí méjèèjì, mo ní kó ṣí fáàfù. Ohun tí mo rí lójú ẹ̀ ni pé nǹkan méjì ló ń dé sí etí kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ẹyọ kan. Tàkọ́kọ́ á dé wàrà, ó mú ṣáṣá, lẹ́yìn náà ni èyí tó wúwo á máa bọ̀ lẹ́yìn. Ìgbà yẹn ni Dókítà fọwọ́ lu itan. Irin! Ìró ń gba ara irin náà gan-an lọ, nínú irin ó sì ń sá nǹkan bíi mítà 5,000 ní sẹ́kọ́ǹdì. Mítà 12 yẹn, mílísẹ́kọ́ǹdì 2.4 péré ló máa gbà lára irin. Kọ̀ǹpútà mú 2.4 yẹn, ó fi eré atẹ́gùn ṣírò ẹ̀, kí ló máa bọ́ sí bí kò ṣe àárín? Iṣẹ́ tá a rán an ló ń jẹ́. Ta wá ni ó ń pariwo nínú irin? Solenoid. Tó bá ń ṣí, ó máa ń gbá ara ẹ̀ kàá, kàá yẹn ló ń ṣáájú ariwo ihò délé.

Bá a ṣe tún un ṣe: a gbé solenoid kúrò lára páìpù, a fi rọ́bà kọmpirẹ́sọ̀ ẹsẹ̀ bàtà kan so ó, kó máa fì lókè, kó má fara kan irin. Ìkángun páìpù méjèèjì náà, a gé e, a fi rọ́bà já irin níbẹ̀, piezo wá kúrò lára páìpù ó lọ sínú ìdérí tó wà lẹ́yìn rọ́bà, níbi tó jẹ́ pé atẹ́gùn inú páìpù nìkan ló lè kàn án. A ṣí ti mítà 6. Ó ní 6.3. Bàbá Wẹ́dà tí kò tíì fi gbogbo ara gba iṣẹ́ yìí gbọ́ ní ká fún òun láyè kí òun fúnra òun mú ihò kan kí a má wò ó, ó lọ ṣí ti 18 pẹ̀lú ọwọ́, kọ̀ǹpútà ní 17.8, ó ní "haba", ó pe ọmọọṣẹ́ ẹ̀ kó wá wò ó.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń fi ọwọ́ ṣe nǹkan báyìí, ẹ gbọ́ èyí. ADS1115, ṣíìpù tó ń ka iná sẹ́ńsọ̀ fún kọ̀ǹpútà, tí gbogbo ayé ń yìn, kò yẹ fún irú iṣẹ́ yìí. Ó mọ nǹkan kà fínnífínní lóòótọ́, àmọ́ ìgbà 860 ló lè kà ní sẹ́kọ́ǹdì kan, etí méjì ló sì fẹ́ pín ìyẹn, ó di 430 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Láàárín kíkà kan sí èkejì, ìró ti sá nǹkan bí 80 sẹ̀ǹtímítà. Èyí tó ń ka iná nínú ESP32 fúnra ẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré tá à ń lò, ń sáré dáadáa, àmọ́ ìwọ̀n ẹ̀ kì í dúró lójú kan, apá kejì ẹ̀ sì máa ń dákẹ́ tí Wi-Fi bá ti wà lórí. MCP3208, ṣíìpù mìíràn, la padà lò, ìgbà 10,000 ní sẹ́kọ́ǹdì fún etí kọ̀ọ̀kan láì mí gúlegúle. Dókítà sì kọ́kọ́ fẹ́ kí ESP32 kọ̀ọ̀kan wà ní ìkángun kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa fi Wi-Fi bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ní rárá o, aago méjì ò lè bára mu bẹ́ẹ̀. Wáyà la fà láti ìkángun kan dé ìkejì, ESP32 ẹyọ kan, aago ẹyọ kan. Ti kìlómítà 614, wáyà ò ní ṣeé fà bẹ́ẹ̀, aago GPS ni wọ́n máa ń lò ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, torí pé tí aago méjì bá fi sẹ́kọ́ǹdì kan péré yàtọ̀, nǹkan bí 200 mítà ni wọ́n máa fi ṣìnà gbẹ́lẹ̀.

Ariwo àdúgbò náà ò jẹ́ ká sinmi. Kọmpirẹ́sọ̀ la kọ́kọ́ pa lẹ́nu mọ́, ká kún táńkì, ká pa á, ká tó ṣí ihò. Ẹ̀rọ ata wà lójú ọ̀nà, Kẹ̀kẹ́ Nápép ń kọjá, tírélà bá tẹ ihò títì páìpù á gbọ́. Inífátà mi fúnra ẹ̀ ń hó 50 hertz sínú wáyà, ojú ń tì mí torí iṣẹ́ mi ni, mo bá yọ gbogbo ẹ̀ kúrò lórí inífátà, bátìrì tààrà ló ń jẹ. Ìyókù ọwọ́ kóòdù ló wà: kọ̀ǹpútà á gbé ohun tí etí kan gbọ́ lé ohun tí èkejì gbọ́, á máa sún un síwá sẹ́yìn títí tí méjèèjì á fi bára mu jù, ìwọ̀n sísún yẹn ni àlàfo tá à ń wá. Ariwo títì kì í bára mu ní etí méjèèjì lọ́nà yẹn, fúnra ẹ̀ ló máa ń ṣubú kúrò.

Títí dé ibi yìí iṣẹ́ ìwé ni, ẹ lè ka gbogbo ẹ̀ níbòmíràn. Ti ilẹ̀ ló gbà mí lọ́kàn jù.

A ri PVC tínrín mẹ́jọ mọ́lẹ̀ láàárín ojú kòtò àti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, a fi MQ-4 sí orí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Sẹ́ńsọ̀ methane ni MQ-4, ó ní iná kékeré tó ń gbóná nínú, ó sì fẹ́ kó ti wà lórí iná ọjọ́ kan sí méjì kí ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó ṣeé gbà. Mẹ́jọ wọn ń jẹ iná tó lé ní ampere kan lọ́sàn-án lóru, bátìrì inífátà àtijọ́ kan ni mo yà sọ́tọ̀ fún wọn. Èsì ẹ̀ lè dé 5 fólítì, ESP32 ò sì gbà ju 3.3, ẹ má gbàgbé láti fi résístọ̀ méjì pín in o. Aṣọ tá a fi bo ẹnu PVC nísàlẹ̀, ikán jẹ ẹ́ tán kí ọ̀sẹ̀ tó yí. Nẹ́ẹ̀tì irin la fi rọ́pò ẹ̀. Ikán fúnra wọn máa ń pèsè methane látinú ikùn wọn, fàdámà náà ń pèsè ẹ̀ látinú ewé tó ń jẹrà lábẹ́ omi, ìdí nìyẹn tí Dókítà fi ní kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí sẹ́ńsọ̀ máa ka ilẹ̀ lásán fún ìgbà díẹ̀ kí a tó tú gáàsì kankan sí i.

Nínú kíkà ilẹ̀ lásán yẹn ni nọ́ḿbà 7 ti ń ya wèrè. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, á gòkè, á dúró díẹ̀, á wálẹ̀. Dókítà ti ya gíráàfù ẹ̀, ó ti ń sọ nípa ìgbóná ilẹ̀ àti bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Mo wo aago tó wà lábẹ́ gíráàfù yẹn, mo ní Dókítà, ẹ ṣí fèrèsé. Ìyá tó ń din kọ̀sáí, ìyẹn àkàrà, ló ń gbé sítóòfù gáàsì ẹ̀ jáde ní aago yẹn. MQ-4 ò mọ̀ ju pé nǹkan tó lè jóná wà nínú atẹ́gùn, kò bìkítà bóyá ti màlúù ni tàbí ti kọ̀sáí. A lọ bẹ ìyá pé kí wọ́n sún síwájú díẹ̀, wọ́n gbà, àmọ́ a ń ra kọ̀sáí lójoojúmọ́ láti ìgbà náà.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ti yanrìn rọrùn. A tú gáàsì sí i ní mítà 6, PVC tó wà lókè ibẹ̀ gan-an ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kò pẹ́. Ti ilẹ̀ pupa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, oṣù kẹta tí oòrùn sì ti la ilẹ̀ yẹn, ibi tí ilẹ̀ ti là ni gáàsì gbà jáde, kì í ṣe ojú ihò, ó fi nǹkan bíi mítà kan yà síbi tó wù ú. Mo rò pé a ti rí gbogbo ìwà ilẹ̀ nìyẹn. Òjò wá bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́, ihò kan náà, túùbù kan náà, pákó kan náà lórí ẹ̀. PVC tó wà lókè ihò dákẹ́. A dúró títí, ó dákẹ́. Mo ti ń yẹ wáyà wò nígbà tí èyí tó wà ní ìkángun kòtò lápá ṣọ́ọ̀bù bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mítà mélòó kan sí ibi tí a ti tú u, lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, tí Dókítà kàn ní ká fi sí ihò kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ símẹ́ńtì, òun náà bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀: omi ti dí gbogbo ojú ilẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò, gáàsì ò rọ́nà lókè, nísàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì gbẹ, kòtò tá a gbẹ́ tá a tún bò kò sì le tó ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn, ló bá gba inú kòtò náà lọ gbọọrọ títí tó fi dé abẹ́ símẹ́ńtì ṣọ́ọ̀bù mi, ibẹ̀ gbẹ, ibẹ̀ ní ojú ihò. Mo pa gbogbo iná, mo ṣílẹ̀kùn, mo ní kí Dókítà gbé pákó yẹn kúrò lórí túùbù kíá. Inú tiẹ̀ ń dùn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Gáàsì tá a tú sílẹ̀ ò tó nǹkan, ẹni kan ò sì ní fara pa níbẹ̀, àmọ́ ẹ fojú inú wo páìpù íǹṣì 40.

Ìdí tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá fẹ́ máa to sẹ́ńsọ̀ methane lé orí páìpù lọ bẹẹrẹ, kó wá sùn, ń ná owó dànù nìyí. Sẹ́ńsọ̀ gáàsì ń sọ ibi tí gáàsì wà. Ìró ló ń sọ ibi tí ihò wà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn méjèèjì lè jẹ́ ibì kan náà, lásìkò òjò wọn kì í jẹ́ ibì kan náà, àgàgà níbi tí ilé wà, torí pé òjò kì í dé abẹ́ ilé, gáàsì á sì máa wá ibẹ̀ lọ. Dókítà ti wá fi gééjì òjò kan, ike lásán tó sàmì sí lára, kún iṣẹ́ náà, kóòdù ẹ̀ ń bi í pé ṣé òjò rọ̀ kó tó gba ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ gbọ́. Àwọn alágbára ń lo wáyà fáíbà tí wọ́n sin pẹ̀lú páìpù, wọ́n á máa ta ìmọ́lẹ̀ sínú ẹ̀, gbogbo mítà wáyà náà á di etí, ó máa ń gbọ́ jíjò, ó sì máa ń gbọ́ ẹni tó ń fi díágà gbẹ́lẹ̀ lókè ẹ̀ pàápàá. Kò sí fún wa.

Ọ̀nà kẹta tún wà, ìtutù, a dán òun náà wò. Gáàsì tó bá jáde láti ibi agbára ńlá máa ń tutù, methane máa ń sọ̀ tó nǹkan bí ìdajì digirì fún bar kọ̀ọ̀kan, ti páìpù ńlá tó wà ní 70 bar, ilẹ̀ ibẹ̀ á tutù gan-an, wọ́n sì ń fi ìyẹn mọ̀ ọ́n. Ti wa ní 4 bar, atẹ́gùn lásán ni, kì í tutù tó methane, kò pé digirì kan, DS18B20, sẹ́ńsọ̀ ìgbóná tá a sin síbẹ̀, fúnra ẹ̀ lè fi ìdajì digirì ṣìnà. Kò rí nǹkan kan. A ò jù ú nù ṣá, a fi sínú páìpù, torí eré ìró ń yí padà pẹ̀lú ìgbóná, ní digirì 15 mítà 340 ni, ní 35 ó ti lé ní 350, kóòdù ń ka ìgbóná kó tó ṣírò. 6.3 yẹn ti di 6.1.

Ohun tó kàn báyìí ni páìpù rọ́bà dúdú. Inú ìlú, èyí tó ń pín gáàsì lọ sí ilé àti ilé iṣẹ́, polyethylene ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe irin, ìró sì tètè máa ń kú nínú ẹ̀ torí pé ara rọ́bà ń fà á mu. Mo rò pé 24 mítà á ṣì gbọ́, Dókítà ò gbà, a ti ta bẹ́ẹ̀tì kọ̀sáí lé e. A máa hú apá yanrìn, a máa sin tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtijọ́ kí òjò tó dáwọ́ dúró. Tí ẹnikẹ́ni bá mọ ẹni tó ń ta MCP3208 tí kì í ṣe ayédèrú ní Kano tàbí Abuja, ẹ bá mi sọ̀rọ̀, méjì tí mo rà gbẹ̀yìn, ọ̀kan ń ka òdo láìka ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ sí, èkejì gbóná títí ó fi jó mi níka.